“Sọ́rì”: ṣé àwa là ń ṣì í lò, àbí àwọn tó ni ín ni kò rántí ìdí rẹ̀ mọ́?

Awòye

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ ní Ìbàdàn, tàbí iná jó o lọ́wọ́, tàbí ó kàn sín, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á ní “sọ́rì o.” Kò sẹ́ni tó ń wádìí ta ló tì í. Ẹ wá gbé “sọ́rì” yìí kan náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kọfí dà sí lára, á wò yín tìyanu-tìyanu: “Kí lẹ wá ń tọrọ àforíjì fún? Ẹ̀yin kọ́ lẹ dà á.” Àwọn tíṣà kan ní Gẹ̀ẹ́sì wa ni kò gún, pé ẹni tó jẹ̀bi nìkan ló ń sọ “sorry.” Àwọn kan ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, pé pẹ̀lẹ́ là ń sọ. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Bí a bá sì ń ṣì í lò, kí ni ká máa sọ dípò rẹ̀?

* * *

Ògbufọ̀

Tíṣà tó sọ pé ẹni tó jẹ̀bi nìkan ló ni “sorry” kò tíì wo ilé ọ̀fọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. “I'm sorry for your loss” ni gbogbo ẹni tó bá wọlé ń sọ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò pé àwọn ni wọ́n pa olóògbé. Ẹ fi “I apologise” rọ́pò rẹ̀ kẹ́ ẹ wo bí ojú àwọn ọlọ́fọ̀ á ṣe yí padà. Òṣùwọ̀n tó yá jù nìyẹn: ibi tí “I apologise” bá ti lè wọlé láì ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ẹ̀bi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí kò bá ti wọlé, ìbánikẹ́dùn ni.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́rìí sí i. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “sārig” ni. Ara “sār” ló ti wá, ìyẹn ìrora tàbí egbò, ibẹ̀ náà sì ni “sore” ti jáde. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ “sārig” ń sọ pé nǹkan kan ń dun òun. Àwa náà ní gbólóhùn yẹn gan-an: “ó dùn mí.” Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé “má bínú” kọ́ ni ìpìlẹ̀ “sorry.” “Ó dùn mí” ni. Ta ló fà á tó fi dùn mí? “Sorry” kò sọ, ohun tó bá tẹ̀ lé e ni yóò sọ ọ́.

* * *

Kòṣéétàn

Ìdí ọ̀rọ̀ dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí là ń bi yín. Bí ẹnì kan bá ní “Sorry!” ṣókí nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì gbọ́ ni pé ó tẹ ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Ẹ ò lè fi ilé ọ̀fọ̀ ṣe ẹ̀rí fún inú bọ́ọ̀sì. Ẹ tún wò ó o, ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ pàápàá ń dáhùn pé “sorry”! Ṣé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń bá kẹ́dùn ni?

Ẹ̀kejì, “sorrow” ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé pé ó bí “sorry.” Ẹ̀yin wá gbé egbò dé.

* * *

Ògbufọ̀

“Sorrow” ní ìdí tirẹ̀ lọ́tọ̀: “sorg.” Ìró wọn jọra, ìtumọ̀ wọn sì súnmọ́ra, ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní ọmọ ìyá. Ojú jọra lásán ni.

Ti bọ́ọ̀sì, mo gbà fún yín dé ìdajì. Èyí tí àwọn méjèèjì ń sọ nígbà tí ara kan ara kì í ṣe ẹ̀bi, kì í sì í ṣe ìbánikẹ́dùn. Àgò ni. Ará Bìrìtìkó ń lò ó láti fi kọjá láàárín èrò, láti fi pe ẹni tó ń tajà, láti fi nawọ́ mú iyọ̀ lórí tábìlì níwájú ẹlòmíì. Ní Amẹ́ríkà, “excuse me” ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Torí náà, ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó ní “sorry” kò jẹ̀bi, kò sì ya òmùgọ̀. Ó ń dáhùn àgò ni.

Ibi tí ìyàtọ̀ àwa pẹ̀lú wọn wà gan-an ni ìrù ọ̀rọ̀. Bí “sorry” wọn bá jẹ́ ìbánikẹ́dùn, wọ́n sábà máa ń so ìrù mọ́ ọn. Èyí tí kò nírù, tó jáde ní kúkúrú lójú ẹsẹ̀ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, etí wọn ń gbọ́ ọ bí “èmi ni mo fà á.” Tiwa kò nílò ìrù. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìrù yẹn, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí.

“Sorry to hear that” ni ti ìròyìn: ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ níbòmíì, wọ́n wá sọ ọ́ fún ẹ. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tó ṣubú lójú yín o, torí ẹ ò gbọ́ ọ, ẹ rí i ni.

“Sorry for” pẹ̀lú ohun tí èèyàn ṣe, bíi “sorry for shouting,” ẹ̀bi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jókòó sí iwájú “for” yẹn, ọ̀rọ̀ yí padà, ó di àánú: “I feel sorry for him.” Ẹ ṣọ́ra fún “I'm sorry for you” tí ẹ bá ń sọ ọ́ sójú ẹni náà. Ó lè dún bí ìgbà tí ọmọ Yorùbá kán ojú kalẹ̀ tó ní “o ṣe mí láàánú.” Àánú kọ́ nìyẹn, ẹ̀gàn ni.

“Sorry to” ni ti ohun tó ń lọ lọ́wọ́ tàbí tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn á ní “sorry to disturb you.” Nígbà tó bá ń jáde lọ, “sorry for disturbing you” ló máa bá a mu jù.

“Sorry about” ló fẹjú jù nínú gbogbo wọn. “Sorry about the noise” lè jẹ́ ariwo mi, ó lè jẹ́ ti aládùúgbò. “Sorry about your dad” kì í ṣe ẹ̀bi rárá. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ máa mú, ẹ mú “about,” kò sábà dójú ti ni.

Èyí tó kù ló ń pa àwọn tó ń kọ lẹ́tà. Bí “sorry” bá ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ di nǹkan tó ti bàjẹ́ débi tó ń ṣeni láàánú: “a sorry sight,” “in a sorry state.” Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ sí ọ̀gá iléèwé pé “I am a very sorry student” kò tọrọ àforíjì o. Ó kọ̀wé pé akẹ́kọ̀ọ́ játijàti lòun.

* * *

Tíṣà Èdè

Ẹ ti tú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí n tú tiwa, torí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀ràn wà. Àpò kan ṣoṣo là ń kó ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún sí.

Pẹ̀lẹ́ kò mọ ẹ̀bi. Ìkíni ni: “ẹ pẹ̀lẹ́ o” fún ẹni tí a bá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìtọ́jú ni: “fi pẹ̀lẹ́ gbé e.” Ìbánikẹ́dùn ni fún ẹni tó kọsẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n máa kí ní pẹ̀lẹ́ tó máa dáhùn pé “ìwọ kọ́ lo ṣe é.” “O ṣé” tàbí “ẹ ṣé” ni ìdáhùn rẹ̀.

Má bínú ńkọ́? Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń sọ ọ́ rárá, inú ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ń bẹ̀. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé bí ẹ bá tú u ní tààrà sí Gẹ̀ẹ́sì, “don't be angry,” ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí inú kò tíì bí á ní ta ló sọ fún yín pé inú ń bí òun. Ẹni tí inú ń bí lóòótọ́ á rò pé ẹ ń pàṣẹ fún òun bó ṣe yẹ kó ṣe inú rẹ̀. Ibi tí a bá ti fẹ́ sọ má bínú, “I'm sorry” ni kẹ́ ẹ sọ, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ohun tẹ́ ẹ ṣe.

“Ẹ forí jì mí” wúwo jù wọ́n lọ, òun ló súnmọ́ “I apologise” tàbí “please forgive me.” Gáfárà àti àgò ni ti ojú ọ̀nà. “Kí lẹ wí?” ni ti ẹni tí kò gbọ́ràn. Ti ọ̀fọ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀: “ẹ kú àṣẹ̀yìndè,” “ẹ kú ará fẹ́ra kù.” Ẹ wo gbogbo èyí, tí “sọ́rì” kan ṣoṣo wá ń bá wọn ru.

Ohun kan tún wà tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé: “pẹ̀lẹ́” àti “ẹ pẹ̀lẹ́” kò dọ́gba. Ọmọdé tó bá sọ “pẹ̀lẹ́” fún àgbà ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. “Sorry” kò ní “ẹ,” ni a fi ń so sà àti mà mọ́ ọn nídìí. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń mú kí òyìnbó rò pé ẹ̀bi ńlá la gbé sórí: “Sorry, sir! Sorry, sir!” Lójú tirẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Lójú tiwa, ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni.

Kò sì yẹ ká bínú sí ẹni tó bá ní “it's not your fault.” Kò bá wa jà. Ó rò pé a ti gbé ẹrù tí kì í ṣe tiwa, ó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ fún wa.

* * *

Kòṣéétàn

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà síhà kejì. Ọmọ Yorùbá ṣubú ní ibùdó ọkọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn wò ó, kò sẹ́ni tó ní “sorry.” Ṣé àwọn yẹn láàánú?

* * *

Tíṣà Èdè

Wọ́n láàánú. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣe é. “Are you all right?” ni pẹ̀lẹ́ wọn. Àwa ń da ìbánikẹ́dùn lé èèyàn lórí ká tó bi í léèrè, àwọn ń bi í léèrè kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n dá sí i. Ìdáhùn rẹ̀ kò le: “I'm fine, thanks.” Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹnu yín sọ pẹ̀lẹ́ fún ẹni tó ṣubú, “Oh no, are you OK?” ni kẹ́ ẹ sọ. Fún ẹni tó fi ìka gún ẹnu ilẹ̀kùn, “Ouch!” tó.

* * *

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn ní ìlú ọba, torí àwa la máa ń sọ ọ́ jù.

Bí aláìsàn bá ń wúkọ́, tí ẹ sì ń sọ “sorry, sorry” léraléra, ó lè máa rò pé ẹ ṣe ohun kan sí oògùn òun. Ẹ fi “take your time” tàbí “that sounds nasty” rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́, “sorry, sharp scratch” dáa, torí ẹ̀yin lẹ fẹ́ fa ìrora ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe tó pa aláìsàn lára bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ má ṣe gbé “sorry” mì nítorí ìbẹ̀rù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà tó ní kí ilé ìtọ́jú sọ òótọ́ fún aláìsàn, “duty of candour” ni wọ́n ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn NHS, ìyẹn ti ètò ìlera ìjọba, ní oṣù kọkànlá 2014, ó sì kan àwọn ilé ìtọ́jú yòókù tó forúkọ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2015. Títọrọ àforíjì wà lára ohun tí òfin náà béèrè. Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń darí ibẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sọ fún aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ lójúkojú ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ó dùn wọ́n, wọ́n á sọ ìwádìí tó kàn, lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. “Sorry” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé ẹ ti gba ẹjọ́.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni “if.” “I'm sorry if you were upset.” Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ẹ ti da ẹ̀bi padà sórí òun: òun ló ya ẹlẹ́kún, kò sóhun tẹ́ ẹ ṣe. “I'm sorry we gave you the wrong tablet” ni ọ̀rọ̀ tó dúró.

* * *

Atọ́kùn Òfin

Mo fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ìbẹ̀rù “má sọ ‘sorry’ níbi ìjàǹbá ọkọ̀” gbòde láàárín àwọn tó wà lókè òkun, kò sì rí bákan náà ní gbogbo ibi.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, abala kejì òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2006, Compensation Act, sọ pé títọrọ àforíjì nìkan kò tó láti fi sọ pé èèyàn jẹ̀bi àìbìkítà. Ní Kánádà, British Columbia ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2006, Ontario ṣe tirẹ̀ ní 2009. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀; Massachusetts ti bẹ̀rẹ̀ láti 1986. Ti California ló yẹ kẹ́ ẹ fojú sí, torí ó ya ọ̀rọ̀ kan náà sí méjì: ibi tí o ti kẹ́dùn, wọn ò ní fi ṣe ẹ̀rí ẹ̀bi mọ́ ọ, ibi tí o ti jẹ́wọ́, wọ́n lè fi ṣe é.

Lẹ́nu kan: “I'm so sorry you're hurt” kò léwu ní àwọn ibi tí mo dárúkọ yìí. “I'm so sorry, I didn't see the light” ti gbé èèyàn dé kóòtù, kì í sì í ṣe “sorry” ló gbé e débẹ̀, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni. Ọ̀rọ̀ ìrù tí Ògbufọ̀ ń sọ náà ni. Níbi ìjàǹbá, ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fara pa, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá panu mọ́.

* * *

Kòṣéétàn

Ẹ ti wá sọ ọ́ di bí ẹni pé àwọn tó ni èdè mọ ibi tí ẹ̀bi parí sí tí ìbánikẹ́dùn bẹ̀rẹ̀. Mo ní wọn ò mọ̀.

* * *

Ògbufọ̀

Wọ́n mọ̀, àìmọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe nígbà tó bá ṣe wọ́n láǹfààní. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2001, ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́nà àti ti Ṣáínà forí gbárí nítòsí erékùṣù Hainan. Awakọ̀ ti Ṣáínà, Wang Wei, kú. Ti Amẹ́ríkà balẹ̀ sí Hainan láìgba àṣẹ, Ṣáínà sì dá àwọn èèyàn mẹ́rìnlélógún tó wà nínú rẹ̀ dúró. Ṣáínà ní àfi kí Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì, Amẹ́ríkà ní àwọn ò jẹ̀bi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó tú u ni lẹ́tà tí aṣojú Amẹ́ríkà, Joseph Prueher, kọ, tí “very sorry” jáde nínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan nítorí awakọ̀ tó kú, lẹ́ẹ̀kan nítorí pé wọ́n balẹ̀ láìgba àṣẹ. Ṣáínà tú u fún àwọn èèyàn tirẹ̀ bí àforíjì. Amẹ́ríkà sọ fún àwọn tirẹ̀ pé ìbánikẹ́dùn ni. Àwọn mẹ́rìnlélógún náà lọ sílé. Bó bá jẹ́ “apologise” ni wọ́n kọ síbẹ̀, Amẹ́ríkà kò ní fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ “regret” lásán, Ṣáínà kò ní gbà á.

Ẹ wo Ọsirélíà náà. Láàárín ọdún púpọ̀, ìjọba ibẹ̀ ń já ọmọ àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, gbà lọ́wọ́ òbí wọn. Nígbà tí ìwádìí jáde ní 1997 pé kí ìjọba tọrọ àforíjì, John Howard tó jẹ́ olórí ìjọba kọ̀. Ní 1999, ìpinnu tí ilé aṣòfin ṣe lo “regret,” àbámọ̀ nìyẹn. “Sorry” kò sí níbẹ̀. Àfi ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì 2008 kí Kevin Rudd tó dìde nílé aṣòfin tó sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó jáde lẹ́nu.

Èyí tó wá jọ mí lójú jù ni pé láàárín àwọn onílẹ̀ yẹn kan náà, “sorry business” ni orúkọ tí wọ́n ń pe ètò ọ̀fọ̀ àti ìsìnkú lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì tiwọn. Ìbánikẹ́dùn pọ́ńbélé, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Àwa nìkan kọ́ la ń lò ó báyẹn. Gánà ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, “pole” ti èdè Swahili ń ṣe iṣẹ́ pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ yẹn lé “sorry” lọ́wọ́ bíi tiwa.

* * *

Awòye

Ẹ ti lọ jìnnà o. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tí kọfí dà sí lára. Kí ni mo máa sọ?

* * *

Ògbufọ̀

Nílé, ẹ sọ “sọ́rì o,” kẹ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí tíṣà kankan dá yín dúró. Gẹ̀ẹ́sì wa ni, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, “Oh no! Shall I get you some tissue?” Bí “sorry” bá ti já bọ́ lẹ́nu yín kẹ́ ẹ tó rántí, ẹ má wulẹ̀ gbé e padà, ẹ so ìrù mọ́ ọn: “sorry, that must have been hot.” Á yé e.

* * *

Kòṣéétàn

Ẹni tó sín ńkọ́? Awòye mẹ́nu bà á.

* * *

Tíṣà Èdè

“Bless you.” Ẹni tó sín gan-an ló máa ń ní “excuse me” tàbí “sorry” fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀yin náà bá ní “sorry,” ẹ ó jẹ́ méjì tó ń tọrọ gáfárà lórí imú ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí ẹ ò tíì dárúkọ kún un, torí lórí fóònù ló ti ń dá wàhálà sílẹ̀: “Sorry?” tó dúró fún “kí lẹ wí?” Ohùn ló ya á sọ́tọ̀. Ti àforíjì ń sọ̀kalẹ̀, ti ìbéèrè ń gòkè nídìí. Àwa ti fi àmì ohùn kan sórí “sọ́rì,” òkè sí ìsàlẹ̀, a kì í sì í yí i. Torí náà, bí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ràn bá ní “sọ́rì,” ẹni tó wà lódìkejì gbọ́ àforíjì, á ní “no problem,” á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìtún èyí tí wọn ò gbọ́ sọ. Ẹ gbé “rì” yẹn sókè, tàbí kẹ́ ẹ kúkú sọ “sorry, say that again?”